Ariwo níwájú mọ́tò: ẹ mọ̀ bóyá omi ló ń dún kí ẹ tó ra póǹpù

Ọ̀pọ̀ wọ́tà póǹpù (ohun tó ń ti omi yí ká inú ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n ń tú dànù ni kò ní àbùkù kankan. Onímọ́tò ní nǹkan ń dún níwájú, mẹkáníìkì ní póǹpù ni, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ariwo ò lọ. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú owó: ṣé omi ló ń dún ni, àbí ohun tó ń yí? Ìgbà wo ló sì ń dún: láàárọ̀, bí ẹ bá tẹ tọ́tù, bí fáànù bá ṣí, àbí lẹ́yìn tí ẹ bá pa mọ́tò tán?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni gúlúgúlú lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí wọ́n ń da omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú hítà. Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń tan hítà nílẹ̀ wa, a máa ń gbàgbé pé omi ẹ́ńjìnnì ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá níbẹ̀. Póǹpù ò ní í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ lé afẹ́fẹ́ náà jáde.

Ẹ gbé mọ́tò sí ibi tó gun òkè díẹ̀, kí iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Bí ó bá ṣì gbóná, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ rọra bu omi sí i títí dé ẹnu. Ẹ yí hítà sí ibi tó gbóná jù, ẹ sítáàtì, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láì tẹ tọ́tù. Ẹ fi àkísà di họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ mú, ẹ máa fún un léraléra. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde lẹ́nu rédíétọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, tẹmọ́sítáàtì (ohun tó ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní bíi 82°C. Bó bá ti ṣí, họ́ọ̀sì òkè á gbóná lójijì, omi á sì lọ sílẹ̀. Ẹ bu kún un. Ẹ dé e nígbà tí omi ò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí fáànù ṣí kó sì pa lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá bu omi sí ike omi tó so mọ́ rédíétọ̀ títí dé àárín LOW àti FULL. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó sítáàtì, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ máa wọn omi tó bá jáde nígbà tí ẹ bá ń tú nǹkan, torí iye tó jáde ló gbọ́dọ̀ padà wọlé. Bí lítà 5 bá jáde tó jẹ́ 4 péré ló gbà, lítà kan afẹ́fẹ́ ṣì wà níbì kan. Ẹ tún wo tẹmọ́sítáàtì: irin kékeré tó ń mì lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ yọ tẹmọ́sítáàtì jù nù. Ẹ́ńjìnnì ò ní í gbóná tó bó ṣe yẹ, á sì máa mu epo.

Bí gúlúgúlú bá padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, omi ń jáde níbì kan nìyẹn. Ẹ wá àbàwọ́n funfun tàbí pupa tó ti gbẹ: ní ihò kékeré abẹ́ póǹpù, ní ibi tí ike rédíétọ̀ ti pàdé irin, ní ẹnu họ́ọ̀sì. Ẹni tó ń wa Camry Big Daddy 2.4 kó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú máa ń jẹ ojú ihò rẹ̀ nínú bulọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀), omi á sì máa yọ́ níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí àbàwọ́n kankan, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti bulọ́ọ̀kù. Ẹ dé ìdérí, ẹ sítáàtì nígbà tó tutù: bí họ́ọ̀sì òkè bá le gbandi láàárín ìṣẹ́jú kan, iná ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ wọnú omi, torí ooru ò tíì tó láti mú un le. Oògùn aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀. Bí ó bá yí sí yẹ́lò, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí iye ìgbà tí ẹ ó lé afẹ́fẹ́ tí kò ní padà.

Ohun tó ń yí ní ohùn tirẹ̀. Bíárìn póǹpù máa ń kùn, bí ẹ bá tẹ tọ́tù kíkùn náà á ga sí i. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ sítáàtì fún ìdajì ìṣẹ́jú péré, torí omi ò yí mọ́. Bí ariwo bá ti lọ, ọ̀kan nínú ohun tí bẹ́líìtì ń wà ni: póǹpù, ọ́tánétọ̀, kóńpírẹ́sọ̀ AC, tàbí róòlà tó ń fa bẹ́líìtì. Ẹ pa á, ẹ fọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ di púlì póǹpù (wíìlì tí bẹ́líìtì ń yí) mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín: bó bá yẹ̀ rárá, tàbí tí ẹ gbọ́ tó ń ha nínú, ó ti lọ. Àmọ́ nínú Camry Orobo 2.2, táímìn bẹ́líìtì, èyí tó wà nínú, ló ń wa póǹpù, yíyọ bẹ́líìtì ìta ò lè pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ títú rẹ̀ kan náà ni.

Bẹ́líìtì tó ń han gooro kò ṣòro láti yẹ̀ wò. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ jìnnà sí i, kí apá agbádá má sì sún mọ́ ibẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́ díẹ̀ tó tún padà, púlì kan ò tò dáadáa. Bó bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀.

Ariwo tó ń wá kìkì bí ẹ bá tan AC tàbí bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù ni kí ẹ wò. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ yí i, nítorí pé fáànù mìíràn lè ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́. Apá fáànù tó kán tàbí ike ìta tó ti ṣí kúrò lójú ibi tí wọ́n ti dè é ló sábà ń fà á.

Ṣììì lẹ́yìn tí ẹ bá pa mọ́tò, tí omi sì ń hó nínú ike nígbà tí géèjì ooru ò ga: ìdérí rédíétọ̀ ni. Nọ́ńbà 0.9 tàbí 1.1 ara rẹ̀ ni iye bar (ìwọ̀n agbára ìfúnpá) tó lè dì mú. Èyí tó dì í mú dáadáa máa ń jẹ́ kí omi lásán dé nǹkan bíi 120°C kó tó hó. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti sán ń jẹ́ kó hó ní 100°C. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti mọ́tò yín mu. Bí họ́ọ̀sì òkè bá fún pọ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì tutù, fáàfù kékeré àárín ìdérí náà ti lẹ̀, tàbí họ́ọ̀sì tó lọ sínú ike ti dí.

Kíkùn bíi ti kẹ́tùlù nínú bulọ́ọ̀kù ní tirẹ̀, ìpẹtà àti èérí omi kànga ló ń fà á: omi ń hó sára irin níbi tí kò ti lè kọjá. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, kí ẹ wá bu kúláǹtì (omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀) àti omi tí kò ní èròjà, ìdajì-ìdajì, sí i. Ẹ má da kúláǹtì oríṣi méjì pọ̀, torí àwọn kan máa ń dì nínú rédíétọ̀.