"Àkójọ Pàtàkì" kọ́: orúkọ wo ló yẹ ìwé tí ilé-ìkàwé kì í yáni?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará.

Ọ̀gá tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ béèrè ohun tí a lè máa pe apá ilé-ìkàwé yunifásítì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ àti ìwé àfọwọ́kọ sí, tó jẹ́ pé ibẹ̀ lèèyàn á ti kà á, kò sí gbígbé lọ sílé. Àwọn fúnra wọn dábàá "Àkójọ Pàtàkì". Ẹlòmíràn ní "Ìwé Ọ̀wọ́n", ẹnì kan tún ní "Ìwé Àìgbéjáde". Ìbéèrè náà dára, àmọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tẹ́ mi lọ́rùn.

"Àìgbéjáde" kò gba àlàyé púpọ̀. Kí a gbé ìwé jáde lédè wa ni kí a tẹ̀ ẹ́ kí ayé rà á. Èyí tí a kò bá tẹ̀ ni àìgbéjáde. Ó tán.

"Pàtàkì" àti "Ọ̀wọ́n" ló le díẹ̀, nítorí wọ́n dùn létí. Ẹ wo Kenneth Dike Library, ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 1950 ni òfin ti ní kí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà máa lọ síbẹ̀. Òfin kò béèrè bóyá ìwé náà gbọ́n tàbí ó gọ̀. Ìwé pélébé tó wà lórí àtẹ káàkiri lọ́jọ́ tó jáde kò wọ́n, ta ló sì pè é ní pàtàkì? Àmọ́ nígbà tí àwa fi tiwa wé àkàrà tán, èyí tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀ ni olùwádìí ń wá kiri. Ti Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ètò-ẹ̀kọ́ ará Èkó, náà ńkọ́? Ó kú ní 1945, ìjọba ra ìwé ilé rẹ̀, nǹkan bí 18,000, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, èyí tó padà di yunifásítì yẹn. Ẹ mú ẹyọ kan nínú wọn, ó lè má jọ ẹnikẹ́ni lójú. Pé ojú ẹnì kan ṣoṣo ló ṣà wọ́n jọ ni iyì wọn. Ẹ tú wọn ká sáàárín ìwé yòókù, Carr ti pòórá nìyẹn.

Ìtọ́jú ni kí orúkọ náà sọ, kó má sọ ipò. "Àkójọ Ìpamọ́" ni mo fọwọ́ sí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìpamọ́ ń rùn bí àṣírí. Ẹ fetí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: ẹni tó fi owó pamọ́ *sí* báńkì kò fi pamọ́ *fún* ẹnikẹ́ni. "Fún" yẹn ló ń mú àṣírí wọlé, "pamọ́" ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí gan-an ni èyí. Ẹrù lẹ́tà àti ìwé tí Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi sílẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbẹ̀. Bí a bá pè é ní "Ìwé Macaulay", gbogbo ayé á rò pé ìwé tó kọ ni. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tí àwọn èèyàn kọ sí i wà láàárín èyí tí òun náà kọ. "Àkọsílẹ̀ Macaulay" ní àléébù kan náà. "Tákàdá" súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n tákàdá lásán, èyí tí a kò tíì kọ nǹkan sí, ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní "Àpótí Macaulay". Àwọn onímọ̀ ìtàn tó lò ó kì í ka ojú ewé bí ti ìwé, àpótí báyìí, fáìlì báyìí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Nílé tiwa náà, níbo ni rìsíìtì ilẹ̀ bàbá máa ń wà? Ọkùnrin tó fi ilẹ̀ wíwọ̀n ṣiṣẹ́ ṣe, tó bá Olóyè Olúwa ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 nítorí ẹjọ́ ilẹ̀, bí àpótí kò bá yẹ òun, ta ló tún yẹ? Ẹ má sọ fún mi pé àpótí ìbò ti gba orúkọ náà. Àpótí tí a fi ń jókòó ti wà kí ìbò tó dé, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé-ìkàwé, tí olùwádìí bá bèèrè irú ẹrù bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa ń sọ fún ẹni tó máa lọ gbé e wá?