Báwo ni ó ṣe yẹ kí a ka burette tí omi inú rẹ̀ ṣókùnkùn?

Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìmọ̀ràn yín. Bí a bá bu omi sínú burette, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì alámì tí a fi ń wọn omi tí a ń dà jáde, ojú omi náà kì í tẹ́jú. Etí rẹ̀ máa ń gun ara gíláàsì, àárín rẹ̀ a sì rì díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbé ojú wọn sí ọ̀gangan ìsàlẹ̀ ibi tó rì yẹn kí wọ́n tó kà á. Ṣùgbọ́n omi potassium permanganate, kẹ́míkà aláwọ̀ àlùkò kan, ṣókùnkùn bí aró, kì í jẹ́ kí a rí ìsàlẹ̀ náà dáadáa. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n ka etí òkè níbẹ̀rẹ̀ àti níparí? Lójú tèmi, kò yẹ kó ba ìṣirò jẹ́, nítorí pé ìyàtọ̀ láàárín iye méjèèjì ni a ń wá.

Bákan náà, 20°C ni wọ́n kọ sára pipette 25 cm³ wa (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń fa omi ìwọ̀n kan pàtó) gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ooru tí àmì rẹ̀ bá mu, bẹ́ẹ̀ láàbù wa máa ń gbóná kọjá 30°C. Ṣé ìyàtọ̀ yìí tó ohun tí àwọn ọmọ girama gbọ́dọ̀ ṣírò, nígbà tí àmì tó kéré jù lára burette jẹ́ 0.1 cm³?