Ta ni ó ti ṣe àwòṣe átọ́mù tí ìwọ̀n rẹ̀ péye rí?

Olùkọ́ Físíìsì: Ẹ̀yin ará, yàtọ̀ sí ti páálí tí a ń gbé kọ́ ògiri kíláàsì, ta ni ó ti ṣe èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ péye?

Ìyá Ìbejì: Mo ṣe ti háídírójìn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lórí pápá bọ́ọ̀lù. Orí píìnì tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 1 ni a fi ṣe pírótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀rún kékeré tí ó wà láàárín átọ́mù náà, a gún un mọ́ páálí funfun láàárín pápá, a sì fi tépù wọn mítà 31 síwá sẹ́yìn, nítorí pé ìbú átọ́mù náà tó ìlọ́po 63,000 ìbú pírótọ́ọ̀nù rẹ̀. Àwọn ọmọ dúró yípo níbi tí tépù parí sí. Mo ní kí wọ́n tọ́ka sí pírótọ́ọ̀nù, kò sí ẹni tí ó rí i, ni ọ̀kan bá bi mí pé kí ni ó wà láàárín. Mo ní òfìfo ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìṣirò tèmi fún mi ní mítà 63.

Ìyá Ìbejì: Láti etí dé etí nìyẹn, àbúrò. Àárín ni a ti wọn tiwa.

Bàbá Àkàndé: Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ nípa ìdánwò tí Geiger àti Marsden, àwọn onímọ̀ físíìsì, ṣe ní Manchester ní 1909, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rún kéékèèké tí wọ́n ta lu wúrà pẹlẹbẹ ti kọjá gbọọrọ, tí díẹ̀ sì ta padà. Ẹni tí ó bá ti dúró lórí pápá yín kò ní béèrè ìdí rẹ̀ mọ́.

Akọ́nikẹ́mísírì: Èmi kò fara mọ́ dídúró yípo yẹn. Èrò Bohr, onímọ̀ físíìsì, ti 1913 ni. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ̀rún tí ó wà yí pírótọ́ọ̀nù ká, kì í sáré lójú ọ̀nà kan. Eérú ni mo máa ń fọ́n, kí ó ki láàárín, kí ó sì máa fẹ́lẹ́ bí ó ti ń jìnnà.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìjìnnà ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí.

Ará Brussels: Atomium, ilé gàgàrà alábọ́ọ̀lù ti ìlú wa níbí ńkọ́? Mítà 102 ni ó ga, láti 1958.

Akọ́nikẹ́mísírì: Bí átọ́mù irin 9 ṣe tò ni ìyẹn ń fi hàn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi núkílíọ́sì, ìyẹn àárín átọ́mù, sínú bọ́ọ̀lù mítà 18 kọ̀ọ̀kan, kò ní tó mìlímítà 1.

Olùkọ́ Físíìsì: Pápá tiwa kéré. Kí ni kí a lò?

Bàbá Àkàndé: Ẹ lo ọ̀nà tí ó lọ tààrà, kí ẹ wọn apá kan ṣoṣo.