Ọmọ wa àti kóòṣì rẹ̀: ṣé kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ olórúkọ ńlá?

Olùbéèrè, Houston

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àkókò yìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún 15, ni mo gbé wá síwájú yín. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni kóòṣì kan ní pápá gọ́ọ̀fù ìjọba tó wà ládùúgbò wa ti ń kọ́ ọ, ọwọ́ ọkùnrin yìí náà ló sì ti dàgbà dé ibi tí ilé-ìwé rẹ̀ fi mú un sínú àwọn tó ń ṣojú wọn níbi ìdíje. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, bó bá ti fi driver, igi gọ́ọ̀fù tó gùn jù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù máa ń yà sí, ìrẹ̀wẹ̀sì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a. Bàbá rẹ̀ ní àsìkò ti tó kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì olókìkí tí a máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Iye tí wọ́n ń béèrè kò kéré sí owó ilé wa fún oṣù kan. N kò kọ̀ kí a náwó lórí ọmọ, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí a ná an tán kí ọmọ náà padà wálé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ méjì tí kò bára mu. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá kan, Ìkẹjà

Ìyá ọmọ, ẹ kú àbójútó. Lójú tèmi, ẹ má tíì mú ọmọ yẹn kúrò níbi tó wà. Ẹ wo Jack Nicklaus, ẹni tó gba ìdíje ńlá 18 (ìyẹn àwọn ìdíje mẹ́rin tó ga jù lọ nínú gọ́ọ̀fù lọ́dọọdún), tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí Jack Grout bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní pápá Scioto, ní ìlú Columbus, ní 1950. Nígbà tó di ọ̀gá ayé tán, ọ̀dọ̀ Grout kan náà ló máa ń padà sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí bí a ṣe ń di igi mú, bí ẹni pé kò gbá gọ́ọ̀fù rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Scottie Scheffler àti kóòṣì rẹ̀, Randy Smith, ní Dallas, tí kò jìnnà sí yín. Láti kékeré ni Scheffler ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì wà tó fi gba Masters, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ńlá náà, ní 2022 àti 2024. Ẹni tó mọ bí ọmọ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló máa ń tètè rí ohun tó yí padà.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, London

Bàbá, mo júbà yín, ṣùgbọ́n n kò lè bá yín dé ìparí ọ̀rọ̀ yìí. Nick Faldo ti ń gba ìdíje káàkiri Yúróòpù kó tó lọ bá kóòṣì David Leadbetter láàárín àwọn ọdún 1980. Ó mọ̀ pé swing òun, ìyẹn bí òun ṣe ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, kò lè gbé òun dé ibi tí òun ń lọ, ó sì gbà kí Leadbetter tú u palẹ̀ pátápátá. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi tún un tò, àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé ayé rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní 1987, ní Muirfield, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ìdíje Open, tí òun náà jẹ́ ìdíje ńlá, ihò 18 ni ó gbá sí par, ìyẹn iye ìgbá tí a yàn fún ihò kọ̀ọ̀kan, láìyẹ ẹyọ kan, ó sì fi ìgbá kan ṣoṣo borí. Ìdíje ńlá márùn-ún mìíràn ló tún gbà lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ojú ń ti Faldo láti kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára, a kì bá má mọ orúkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìfẹ́ tí a ní sí kóòṣì kò yẹ kó dí ọ̀nà ọmọ.

Ẹni tó ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù, Ìbàdàn

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa ní London sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn yẹn dáadáa. Leadbetter, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà sí Zimbabwe, kò tíì lókìkí tó báyìí nígbà tí Faldo lọ bá a. Iṣẹ́ tó ṣe lára Faldo ló jẹ́ kí gbogbo ayé máa wá a. Èkejì ni pé ọdún méjì ni iṣẹ́ náà gbà, kì í ṣe ọjọ́ méjì. Ní Houston yín níbẹ̀ ni Tiger Woods, ọmọ ọdún 17, ti kọ́kọ́ lọ bá kóòṣì Butch Harmon ní 1993. Lẹ́yìn tí Woods fi ìgbá 12 borí ní Masters ti 1997, òun àti Harmon tún swing rẹ̀ tò. Ní 1998, ẹ̀ẹ̀kan péré ló borí nínú ìdíje PGA Tour, àwọn ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, mẹ́jọ ló sì gbà ní 1999. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi ohun tó lé ní ọdún kan kọ́ nǹkan tuntun nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ń ṣọ́ ọ, ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tí ọjọ́ méjì lè ṣe.

Ní ti bọ́ọ̀lù tó ń yà sọ́tùn-ún, ibi tí ojú igi bá kọ sí nígbà tó kan bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ gbà lọ ní pàtàkì. Bí ojú igi bá wá ṣí sọ́tùn-ún ju ọ̀nà tí igi fúnra rẹ̀ ń gbà lọ, bọ́ọ̀lù á tẹ̀ sọ́tùn-ún lójú ọ̀run. Ẹ ní kí ọmọ náà di driver mú bó ṣe máa ń dì í, kó dúró bí ẹni tó fẹ́ gbá, kó sì wolẹ̀ wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Oríkèé ìka mélòó ló rí? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọwọ́ yẹn ti yí sí òsì jù, ojú igi kò sì ní tètè padà tì kó tó kan bọ́ọ̀lù. Oríkèé méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó rí. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga sí i, nítorí ara tó ń gùn máa ń da ìdúró àti igi ọmọ rú.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, Baltimore

Bubba Watson kò gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kóòṣì kankan, ó sì gba Masters ní 2012 àti 2014. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa gbá a bó ṣe wá.

Ẹni tó ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù, Ìbàdàn

Àrà ọ̀tọ̀ ni Watson. Ọmọ tó ti fi ọdún méje gba ẹ̀kọ́ kò lè ṣàdédé di ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ rí.

Olùbéèrè, Houston

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo pè é sí yàrá ìgbàlejò, mo ní kó di igi mú. Oríkèé ìka kan ṣoṣo ni mo rí, òun náà sì rí i. Ní ti gíga, aṣọ ilé-ìwé tí a rà fún un lọ́dún tó kọjá ti kúrú sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ ni a kò sì tíì pààrọ̀.

Àǹtí yín, Atlanta

Àbúrò mi, ẹ̀rí ti ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo gọ́ọ̀fù mọ bí a ṣe máa ń jà lórí ẹni tó ni ògo Woods. Ìdíje ńlá mẹ́jọ ló gbà lọ́wọ́ Harmon, mẹ́fà lọ́wọ́ Hank Haney. Lọ́wọ́ Sean Foley, ó borí lẹ́ẹ̀marùn-ún ní 2013, ó sì padà di ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé, ṣùgbọ́n kò gba ìdíje ńlá kankan. Masters ti 2019 rèé, kò ní kóòṣì swing kankan nígbà tó gbà á. Ta ni a fẹ́ fún ní ìyìn nínú wọn? Èmi gbà pé Harmon ló kọ́ ọ dára jù, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé òun ló ni ọwọ́ Woods. Ẹ tún wo Rory McIlroy, tí Michael Bannon ti ń kọ́ láti kékeré ní Holywood, ní Àríwá Ireland. Ní 2021 ó lọ bá Pete Cowen, ọ̀gá ńlá gidi ni Cowen, síbẹ̀ ọdún yẹn náà ló padà sọ́dọ̀ Bannon. Ó gba Masters ní 2025.

Kí ẹ tó san owó náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá olórúkọ ńlá yẹn gan-an ni yóò dúró ti ọmọ yín, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ irú wọn, àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ béèrè pẹ̀lú ẹni tí yóò máa wò ó lẹ́yìn tó bá padà sí Houston. Bó bá jẹ́ kóòṣì àdúgbò yìí náà ni, ó yẹ kó ti mọ̀ sí ìrìn àjò náà kí ẹ tó lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, London

Mo gba ti Àǹtí. Ohun kan ni n kò ní yí padà lórí rẹ̀: bí ẹ bá bi kóòṣì èyíkéyìí ní ohun tó ń mú kí bọ́ọ̀lù máa yà sọ́tùn-ún, tí kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọdún 15 kó yé e, ẹ wá ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ olókìkí, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Olùbéèrè, Houston

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Mo ka gbogbo èsì yín fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ àná. Ó gbà pé kí a kọ́kọ́ mú lára owó náà wọn igi tuntun tó bá gíga ọmọ mu, kí a sì san owó wákàtí kan níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ TrackMan, kí a lè mọ ibi tí ojú igi ń kọ sí. Lọ́jọ́ Sátidé ni a ó lọ bá kóòṣì rẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ hàn án. Bàbá rẹ̀ kò tíì fi olórúkọ ńlá náà sílẹ̀ o, ó ní òun fẹ́ kí ìdíje ìgbà ìrúwé kọjá ná.