Ìwé ìròyìn Íjíbítì tí wọ́n ń fi òyìnbó kọ, èwo ni kí n máa kà?

Ìyá Àfáà, Pákátà

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Azhar ní Káírò, ọdún kẹta rẹ̀ rèé. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, òfì ni mo ń tà báyìí. Òyìnbó yé mi dáadáa, ṣùgbọ́n Lárúbáwá tèmi ò kọjá Kùránì tí mo kà nílé kéwú. Bàbá rẹ̀ ló gbọ́ ọ, Ọlọ́run sì ti pè é. Torí ẹ̀ ni mo fi ń ka Ahram Online láràárọ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ìwé kíkà yìí ti ná mi lówó lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹta 2024, mo kà á pé báńkì àgbà wọn ti tú owó wọn sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan tó ń gba nǹkan bíi pọ́n-ùn Íjíbítì 31 sì di bíi 50 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú mi dùn. Mo ní owó ọmọ ti bímọ fúnra ẹ̀. Dọ́là 100 tí mo máa ń fi ránṣẹ́, mo gé e sí 70, mo fi ìyókù ra òwú. Oṣù ò tíì parí tó fi pè: "Màámi, ẹyin ti gbówó lórí, òróró ti gbówó lórí, onílé ti fi kún owó ilé. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Oṣù Kẹfà ọdún yẹn, mo tún kà á pé búrẹ́dì ti kúrò ní piastre 5 (kọ́bọ̀ tiwọn), ó ti di 20. Ìlọ́po mẹ́rin! Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Òfì kan wà nílẹ̀ tí ìyàwó kan ń bọ̀ wá gbà, àwọ̀ ẹtù, etí rẹ̀ funfun. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo tà á ní ẹ̀dínwó fún oníbàárà Ìbàdàn kí n lè rówó fi ránṣẹ́. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní búrẹ́dì oníkáàdì nìyẹn, èyí tí ìjọba ń bá àwọn ọmọ onílùú san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọn ò ti fọwọ́ kan iye rẹ̀. Àlejò ò ní káàdì. Ìta lòun ti ń ra tòun, owó ọ̀tọ̀. (Ìyàwó tó ni òfì ṣì ń bínú sí mi.)

Àná ni aládùúgbò mi wá sọ pé ti ìjọba ni ìwé ìròyìn tí mò ń kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọ̀hún rí, ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n máa kà?

Tíṣà Lárúbáwá, Ọ̀fà

Wa àlékúmù sàláámù, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Aládùúgbò yín ò purọ́. Al-Ahram ni ìyá Ahram Online. Láti 1876 ló ti ń jáde, àwọn Takla, tẹ̀gbọ́n tàbúrò láti Lẹ́bánónì, ló dá a sílẹ̀, ìjọba Nasser sì sọ ọ́ di tìjọba ní 1960. Ẹ má tìtorí ìyẹn pa á tì o. Owó ọkọ̀, ọjọ́ ìsinmi, òfin ìwé ìgbélùú, ibẹ̀ lẹ ó ti tètè rí i. Ohun tí wọn ò ní sọ ni ìṣòro.

Ẹ fi Mada Masr kún un. Ìtàn tiwọn dùn. Egypt Independent ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, Lina Attalah ni olóòtú wọn. Ní oṣù Kẹrin 2013, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ò tẹ ti orí bébà mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹfà, Lina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé Mada Masr dìde, Lárúbáwá àti òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 2017, ìjọba dí i pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Íjíbítì. Ní oṣù Kọkànlá 2019, àwọn agbófinró wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó Lina àti àwọn méjì mìíràn lọ, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣì ń kọ.

Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín nìyí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Pákátà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á ṣí. Ọmọ yín tó ń gbé Káírò gan-an, kò ní ṣí fún un àyàfi tó bá lo VPN, ètò orí fóònù tó ń bá èèyàn yẹ ìdènà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò ni. Ohun tí kò wúlò fún ìwé rẹ̀, kó má gbé e kiri. Kí n má gbàgbé: piastre tí wọ́n ń kọ yẹn, qirsh là ń pè é lọ́hùn-ún, ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan.

Fóònù Tánkẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá wa. Ẹ lè gbé ti Lárúbáwá gan-an sínú Google kó túmọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Mo ṣe é fún oníbàárà mi kan, ó kọ ọ́ jáde pé ìgbésí ayé ti tán lọ́dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ búrẹ́dì.

Tíṣà Lárúbáwá, Ọ̀fà

Háà! *Aish* ni. Òun ni wọ́n ń pe búrẹ́dì ní Íjíbítì, òun náà ni ìgbé ayé.

Aláta Òmù-Àrán

Ẹ má bínú sí mi, Ìyá Àfáà. Ọmọ yín ní fóònù. Ṣé ó nira kẹ́ ẹ bi í pé èló lẹyin kẹ́ ẹ tó gé ọgbọ̀n dọ́là kúrò?

Ìyá Àfáà, Pákátà

Aláta, ẹ nà mí, ó sì tọ́ sí mi.

Tíṣà, Ọlọ́run á bá yín tọ́ tiyín. Mo ka Mada Masr lálẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n ń pín níbẹ̀ ní 2024 ni mo bá pàdé: ooru mú, gáàsì ò tó, ni wọ́n bá ń mú iná lọ fún wákàtí méjì lóòjọ́. Wákàtí méjì! Inú òkùnkùn ni mo ti ń kà á, torí iná tiwa ti lọ láti àárọ̀.

Mo pe ọmọ lẹ́yìn Ìṣáì. Mo gbàgbé pé láti 2023 ni wọ́n ti padà sí yíyí aago síwájú nígbà ooru, wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣíwájú wa báyìí. Mo rò pé á ti sùn, àṣé wọ́n ń kàwé. Mo bi í léèló ẹyin (Aláta, ẹ gbọ́?), mo wá sọ ohun tí mo kà. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á bí mo ṣe máa ń kàwé fún kíláàsì kẹrin nígbà yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mò ń dúró níbi tó yẹ kí n dúró. Ibi "wákàtí méjì lóòjọ́" ni mo dé tí mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ẹnì kan. Ó ti fi mí sí sípíkà. Gbogbo ọmọ Ìlọrin tó wà nínú yàrá yẹn ló ń gbọ́ mi.