Tikka, Ruger àbí Bergara fún yáàdì 1,000: èwo ni kí n mú, kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

AfojúSùn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbọn oníbóòtù (tí a ń fọwọ́ fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọta tó wọlé) ni mo fẹ́ rà, fún páálí àti àwo irin ní yáàdì 1,000, kì í ṣe fún ẹran. Ọta 6.5 Creedmoor ni yóò máa yìn. Ó ku mẹ́ta: Tikka T3x TAC A1, Ruger Precision Rifle àti Bergara B-14 HMR. Ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yí ọta po lẹ́ẹ̀kan nínú ínṣì 8, torí náà mi ò rí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Èwo ló gba àtúnṣe jù? Nínú tírígà, ìdí ìbọn, ọ̀pá àti awò, èwo ni kí owó kọ́kọ́ bá?

Baba_Àmì

Àbúrò, ara bóòtù àti abẹ́ ìbọn ni ìyàtọ̀ wọn wà.

Bóòtù Ruger ní etí mẹ́ta (ìyẹn àwọn tó ń tì í pa), ti Tikka àti ti Bergara ní méjì-méjì. Bí o bá gbé ọwọ́ bóòtù Ruger tàbí ti Tikka ní dígírì 70, ó ti ṣí. Ti Bergara, bíi ti Remington 700, ó di 90. Kíkúrú yìí wúlò, torí ìka rẹ kò ní máa gbá ìdí awò. Àmọ́ bí o ṣe ń gbé e náà lo ń fún sípíríǹgì abẹ́rẹ́ ìbọn pọ̀, bí ọ̀nà bá sì kúrú, á le lọ́wọ́. Gírísì bíńtín lẹ́yìn etí bóòtù, àti níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń yọ̀ gòkè, máa ń rọ̀ ọ́.

Abẹ́ Bergara àti ihò síkúrù rẹ̀ bá ti Remington 700 mu, ìbọn tó ti wà lórí àtẹ láti 1962. Ìdí, ṣáásì (férémù irin tó ń rọ́pò ìdí) àti tírígà tí wọ́n ṣe fún un pọ̀ lọ jàra. Mágásíìnì AICS, irú tí ọ̀pọ̀ ìbọn ń lò, ló ń jẹ. Tikka ń lo mágásíìnì tirẹ̀. Ruger ń gba AICS àti oríṣi mìíràn, nọ́ọ̀tù ló sì di ọ̀pá rẹ̀ mú: ẹni tó bá ní fáìsì, sípánà nọ́ọ̀tù náà, àti ìwọ̀n GO pẹ̀lú NO-GO (irin méjì tí a fi ń dán àyè ẹ̀yìn ọta wò) lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ọ̀pá. Bóòtù gbọ́dọ̀ pa dé lórí GO, kò gbọdọ̀ pa dé lórí NO-GO. Má fojú díwọ̀n rẹ̀ láéláé. Bí àyè bá pọ̀ jù lẹ́yìn ọta, ìkarahun idẹ rẹ̀ lè ya, kí iná sì gba ẹ̀yìn jáde sójú ayìnbọn.

Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan, kó mú Tikka. Ẹni tí ọwọ́ á máa yún, Bergara.

Ojú_Awò

Awò ni kí owó kọ́kọ́ bá. Ọta gíréènì 140 (bíi gíráàmù 9), bí o bá ti tún awò tò sí yáàdì 100, máa fẹ́ bíi mil 8 sí 9 (mil ni ìwọ̀n igun tí a fi ń yí awò) kó tó dé yáàdì 1,000. Ká ní gbogbo ìrìn awò rẹ jẹ́ mil 18, tó sì wà láàárín, mil 9 péré ló kù lókè. O ti kan ògiri nìyẹn. Rail (irin tí òrùka awò ń jókòó lé) tó tẹ̀ ní 20 MOA (ìwọ̀n igun mìíràn) á fi mil 5.8 kún un. Ó ti wà lórí Ruger láti ilé iṣẹ́. Ti àwọn méjì yòókù, wádìí kó o tó ra òrùka.

Ìdè awò ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Nu epo kúrò nínú ihò síkúrù. Ti òrùka síwájú kó kan ògiri kòtò rail kó o tó fún un, torí bí ìbọn bá ta sẹ́yìn, awò fẹ́ dúró sójú kan. Síkúrù orí òrùka, 1.7 sí 2.0 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún síkúrù) tó. Máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ lódìkejì ara wọn. Bí ibi tí wọ́n ti ń yí ìtóbi bá le lójijì, o ti fún un jù. Tí bóòtù bá sì ń há lẹ́yìn tí o de rail, síkúrù iwájú ló gùn jù, tó ń kan etí bóòtù. Tú u wò kó o tó dá ìbọn lẹ́bi.

So okùn tí òkúta wà nídìí rẹ̀ sí ọ̀kánkán, kí ìlà òró inú awò bá a mu nígbà tí ìbọn dúró ṣánṣán. Bó bá fi dígírì 1 péré tẹ̀, lórí mil 9, ọta á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 14 ní yáàdì 1,000.

AfojúSùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tírígà ńkọ́? Mo ń rí àwọn tó ń gé sípíríǹgì rẹ̀ kó lè fẹ́lẹ́.

Baba_Àmì

Má gé nǹkan kan. Ti Ruger ṣeé yí láti póùn 2.25 sí 5, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìdérí ẹ̀yìn bóòtù. Ti TAC A1, onípele méjì ni, ó mọ́ lọ́wọ́ bó ṣe wà. Ìgbàkígbà tí o bá yí i, yẹ inú ọ̀pá wò pé ó ṣófo, fi agbára pa bóòtù dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, gbá ìdí ìbọn mọ́ rọ́bà tó nípọn, ti ìdábòbò síwá sẹ́yìn láìfọwọ́ kan tírígà. Bí abẹ́rẹ́ bá já lẹ́ẹ̀kan péré, tírígà yẹn ti fẹ́lẹ́ jù, kò sì yẹ kí ọta wọ ìbọn náà títí o fi dá a padà.

Kò_Sáré

Mo fara mọ́ awò, ṣùgbọ́n kó o tó ra ṣáásì fún Bergara, dán bí ara ìbọn ṣe jókòó wò. Yọ ọta kúrò, gbé ìbọn dúró lórí ìdí rẹ̀, fi ìka sí ibi tí ọ̀pá àti igi iwájú ti súnmọ́ ara, kó kan méjèèjì. Tú síkúrù iwájú, fún un padà. Bí ìka rẹ bá gbọ́ pé ọ̀pá ń sún, ara ìbọn ń tẹ̀ bí síkúrù ṣe ń fà á, epoxy (gọ́ọ̀mù tó ń le) ló máa tún un ṣe. Ká bébà sí méjì, fà á gba abẹ́ ọ̀pá; ibi tó bá há ń ti ọ̀pá lọ sápá kan bó ṣe ń gbóná. Bí o bá wá dè é sínú ṣáásì alumíníọ́ọ̀mù, 7.3 Nm ni ọ̀pọ̀ ń lò, àyàfi tí ìwé ilé iṣẹ́ bá sọ òmíràn.

Ọ̀pá ilé iṣẹ́, fi sílẹ̀. Ti 6.5 Creedmoor máa ń lo bíi ọta 2,000 sí 3,000 kí ìbẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ tó jẹ tán. Ìṣùpọ̀ ihò á máa fẹ̀, ìyára ọta á máa lọ sílẹ̀. Títí dìgbà yẹn, oríṣi ọta mẹ́rin ni kó o fi owó rẹ dán wò, mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú àmì kan náà. Ihò mẹ́ta tó sún mọ́ra kì í sọ òtítọ́: ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló máa ń tú u. Fọwọ́ mú ọ̀pá láàárín oríṣi ọta kan sí èkejì. Bí o kò bá lè dì í mú ka ẹyọ dé márùn-ún, jẹ́ kó tutù. Kí o sì máa kọ iye ọta tó ti kọjá nínú rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.