"Dally": ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn darandaran Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀ wá

"Dally" méjì ló wà nínú èdè Òyìnbó. Èyí tó jẹ́ fífi àkókò ṣòfò, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ti àwọn tó ń fi ẹṣin da màlúù la fẹ́ sọ. Àwọn vaquero, ìyẹn darandaran orí ẹṣin, ní Mẹ́síkò àti Kalifọ́níà máa ń sọ fúnra wọn ní èdè Sípéènì pé "dale vuelta", ìyẹn "yí i po". Etí Òyìnbó gbọ́ ọ sí "dally welter", nígbà tó yá wọ́n gé ìdajì rẹ̀ dànù.

Okùn ni wọ́n ń yí po. Bí ojóbó bá ti bọ́ sí màlúù lọ́rùn, ẹni tó wà lórí ẹṣin á kọ́kọ́ fa okùn kó le, kó tó wé e mọ́ ìwo gàárì (ohun tó yọ sókè níwájú gàárì) lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ta kókó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń di ìdí okùn mú.

—

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí jàǹbá wà ni kí n fi kún un. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ máa wo òkè bí ọwọ́ ṣe ń yí ìwo gàárì ká. Bó bá wo ilẹ̀, okùn á ká a mọ́bẹ̀. Màlúù ń sá lọ, ẹṣin dúró gbagidi, ìka wà láàárín: gígé ló ń gé e. Ẹni tó bá sì ń wé okùn nígbà tó ṣì dẹ̀, ó ń wá wàhálà ni, torí okùn tó dẹ̀ máa ń ta sókè gbé ọwọ́.

—

Ẹ má gbàgbé ohun tí wọ́n fi ṣe okùn náà. Awọ màlúù gbígbẹ ni reata, okùn àwọn vaquero, wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á hun ún ní ẹ̀ka 4 tàbí 8, ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Bí màlúù bá já a gbà lójijì, ó máa já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ìwo, bí bíréèkì. Àwọn ará Texas ń lo okùn kúkúrú tó yi, wọ́n sì ń so ó pinpin mọ́ gàárì. Àtàǹpàkò wọn kò séwu, àmọ́ bí akọ màlúù bá yíjú padà sí wọn, kò sí bí wọ́n ṣe máa tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Láti ara "la reata" yìí kan náà ni "lariat", orúkọ tí Òyìnbó ń pe okùn ojóbó, ti jáde.